Máàsítà oní-ìwádìí nínú sáyẹ́ǹsì ohun abẹ̀mí: kí ló yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó wọ láàbù?

Àdùkẹ́_Bíó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Máàsítà oní-ìwádìí ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, oṣù 18 ni gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì inú àwo àti qPCR (àyẹ̀wò tó ń wọn bí jíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ tó) ló máa pọ̀ jù níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi dá sí i: báwo ni mo ṣe máa yan alábòójútó, báwo ni àkòrí ṣe yẹ kó tóbi tó, kí ló sì máa ń jẹ àkókò àwọn èèyàn débi tí oṣù 18 fi ń di ọdún 3? Ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi o.

Baba_Máíkírò
Ẹ káàbọ̀, Àdùkẹ́. Kí ọ̀rọ̀ alábòójútó tó wáyé, ẹ ka ìwé ètò ẹ̀kọ́ náà fínnífínní. Ibìkan á pè é ní MRes, ibòmíràn MPhil, ibòmíràn MSc lásán, orúkọ yẹn kò sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa wá níbẹ̀ ni ìdá mélòó nínú máàkì ló wà lórí tísíìsì, bóyá ẹ máa dúró níwájú olùyẹ̀wò láti ìta kẹ́ ẹ dáhùn ìbéèrè, àti ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ pé tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí. Ibòmíràn á tún gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ lódindi, ibòmíràn á fún un ní oṣù díẹ̀ láti fi kọ̀wé.

Alábòójútó wàyí. Òkìkí rẹ̀ kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ẹ wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kàn, àwọn tó wà níbẹ̀ àti àwọn tó ti jáde, kẹ́ ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ níbi tí òun kò sí. Tí wọ́n bá fi orí kan nínú tísíìsì ránṣẹ́ sí i, ọjọ́ mélòó ló fi ń dá a padà? Ta ló ń kọ́ ẹni tuntun níṣẹ́ ọwọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe òun fúnra rẹ̀, ẹni tó ń ṣe PhD tàbí òṣìṣẹ́ láàbù ni, torí náà ẹ rí i dájú pé onítọ̀hún kò ní ti lọ kẹ́ ẹ tó dé. Owó kẹ́míkà ńkọ́, ṣé ó wà nílẹ̀, àbí ó ṣì ń retí gránǹtì? Àwọn tó ti ṣe máàsítà lọ́dọ̀ rẹ̀, mélòó ló parí lásìkò? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí, ó ti dá yín lóhùn.

Ìmeèlì àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa kọ sí alábòójútó, kó má ju ọ̀rọ̀ 200 lọ. Ẹ tọ́ka sí ohun kan pàtó nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó jáde láìpẹ́ àti ìbéèrè tí ohun náà gbé dìde lọ́kàn yín, ẹ sọ iṣẹ́ láàbù tẹ́ ẹ ti mọ̀ àti oṣù tẹ́ ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà tó kún fún oríkì, tó sì ṣeé fi ránṣẹ́ sí ogójì èèyàn láìyí ju orúkọ lọ, kì í rí èsì. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má rán an létí lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ìyá_Láàbù
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ àkòrí ni tèmi. Ìbéèrè kan ṣoṣo. Tó ò bá lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan tó ní àmì ìbéèrè nídìí, kò tíì di iṣẹ́ máàsítà. "Ipa oògùn X lórí àrùn jẹjẹrẹ" kì í ṣe ìbéèrè. "Ṣé oògùn X ń dín iye jíìnì Y kù nínú sẹ́ẹ̀lì Z láàárín wákàtí 24, ní ìwọ̀n tí kò pa sẹ́ẹ̀lì náà?" Èyí ni ìbéèrè. Ó ti sọ ohun tí wàá wọ̀n, ibi tí wàá ti wọ̀n ọ́n, ìgbà tí wàá wọ̀n ọ́n, ó sì ti dárúkọ ohun tó lè tàn ọ́ jẹ, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń kú lọ tí gbogbo jíìnì rẹ̀ ń wálẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń há sí ni pé wọ́n á to iṣẹ́ léra débi pé apá kejì kò lè bẹ̀rẹ̀ àyàfi tí ti àkọ́kọ́ bá yọrí. Ká ní apá kìíní ni kó o yọ jíìnì kan kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, apá kejì ni kó o da oògùn sórí sẹ́ẹ̀lì tí kò ní jíìnì náà mọ́. Tí sẹ́ẹ̀lì yẹn kò bá jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí lo fẹ́ kọ? Tò ó kí apá méjèèjì lè máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan sì jẹ́ èyí tó máa mú dátà jáde bó ti wù kó rí. Bí láàbù mìíràn bá ti ní sẹ́ẹ̀lì tó o fẹ́, tọrọ rẹ̀. Ìwé àdéhùn tí ilé-ìwé méjèèjì máa buwọ́ lù lè fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà lórí tábìlì ẹnìkan, nítorí náà ọ̀sẹ̀ tó o dé ni kó o ti béèrè.

Ka àkókò rẹ láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Nínú oṣù 18, yọ oṣù 3 tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ fún ìwé kíkọ, yọ oṣù 1 tó ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò tó o máa ní láti tún ṣe. Ó ku 14. Oṣù 2 sí 3 àkọ́kọ́ á bá ìwé àṣẹ, ìdúróde kẹ́míkà àti kíkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Nǹkan bí oṣù 11 ló kù fún iṣẹ́ gan-an, bíi ìdajì ìyẹn á sì lọ sórí títún ọ̀nà iṣẹ́ tò títí á fi máa ṣiṣẹ́ déédéé. Àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ kì í pẹ́. Ìdúró ló ń pẹ́. Ẹni tó bá fi oṣù 18 gbogbo ṣe àlàyé iṣẹ́ láàbù nínú àbá rẹ̀ ti ṣètò ọdún 3 láìmọ̀.

Akọ̀wé_Ìgbìmọ̀
Ìyá Láàbù ti dárúkọ ìwé àṣẹ, ẹ jẹ́ kí n là á. Tí iṣẹ́ yín bá kan ẹranko, ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹran ara èèyàn, àní bó jẹ́ fọ́ọ̀mù ìbéèrè lásán lẹ máa pín fún aláìsàn, ẹ má mú sáńpù kan kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí tó fọwọ́ sí i. Wọn kì í fọwọ́ sí ohun tó ti kọjá. Fún ẹranko, ìbéèrè wọn dá lórí ohun mẹ́ta tí Russell àti Burch là kalẹ̀ ní 1959: ṣé ẹ lè fi nǹkan mìíràn rọ́pò ẹranko, ṣé ẹ lè dín iye rẹ̀ kù, ṣé ẹ lè dín ìrora rẹ̀ kù? Ohun tó sábà ń mú wọn dá fọ́ọ̀mù padà ni iye ẹranko tí kò ní ìṣirò lẹ́yìn. Ẹ má kọ "6 nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan" kẹ́ ẹ sì dákẹ́.

Tó bá jẹ́ ewé, kòkòrò tàbí bakitéríà láti orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ fẹ́ kó, Àdéhùn Nagoya ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù kẹwàá 2014. Ẹ wádìí bóyá orílẹ̀-èdè náà wà nínú rẹ̀ àti ìwé tí wọ́n ń béèrè, kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun kọjá ẹnubodè.

Onísìírò
Ẹ ṣé tẹ́ ẹ dárúkọ 6 yẹn. Ètò G*Power, tó ń ṣírò iye sáńpù tẹ́ ẹ nílò, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà yín lónìí. Tẹ́ ẹ bá ń fi t-test wé ẹgbẹ́ méjì, tẹ́ ẹ fẹ́ agbára 80% (ìṣeéṣe láti rí ìyàtọ̀ tó bá wà) ní ìwọ̀n 0.05 (ìṣeéṣe láti rí ìyàtọ̀ tí kò sí), ìyàtọ̀ ńlá (d = 0.8; d ni ìyàtọ̀ náà tẹ́ ẹ fi standard deviation pín) ń béèrè sáńpù 26 nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan; ìyàtọ̀ tó mọ níwọ̀n (d = 0.5) ń béèrè 64. Ìyẹn ni pé 3 tí gbogbo ayé ń lò nínú iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì kò lè rí ju ìyàtọ̀ tó gadabú lọ. Tó bá jẹ́ owó 3 péré lẹ ní, ẹ yan ohun tí ìyàtọ̀ rẹ̀ máa ń tóbi, kẹ́ ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ gbangba nínú tísíìsì.

Èyí tó burú jù ni kéèyàn ka ohun kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó sì pè é ní mẹ́ta. Kòtò 3 nínú àwo kan, tí sẹ́ẹ̀lì inú wọn wá látinú ìgò kan lọ́jọ́ kan, sáńpù 1 ni. Ohun tí kòtò mẹ́ta yẹn ń sọ fún yín ni bí ọwọ́ yín ṣe dúró sí lórí pípẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ìpíndọ́gba wọn, ẹ ka ìyẹn sí nọ́ńbà kan, kẹ́ ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ mìíràn pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ tún gbìn lọ́tọ̀ àti oògùn tẹ́ ẹ tún pò lọ́tọ̀. Bákan náà lọ́mọ eku rí: tó bá jẹ́ ìyá lẹ fún lóògùn, tí ìyá 2 bí ọmọ 16, 2 lẹ ní, ẹ kò ní 16. Olùyẹ̀wò láti ìta máa ń lọ tààrà síbi yìí.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọjọ́. Tẹ́ ẹ bá yọ RNA (ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe látinú jíìnì tó ń ṣiṣẹ́) gbogbo kọ́ńtíróòlù, ìyẹn àwọn tí kò gba oògùn, lọ́jọ́ Ajé, tẹ́ ẹ wá yọ ti àwọn tó gba oògùn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí ìṣirò tó lè ya oògùn kúrò lára ọjọ́ mọ́. Ẹ dà wọ́n pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sì kọ àwọn jíìnì tẹ́ ẹ máa wò sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, torí tẹ́ ẹ bá yẹ ohun 20 tí kò tan mọ́ra wò ní 0.05, tí oògùn kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan, ó tó 64% kí ó kéré tán ọ̀kan jáde bíi pé ó yàtọ̀.

Ọ̀jẹ̀_PCR
Ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe qPCR, RNA ni kó kọ́kọ́ bá wọ̀yá ìjà. 260/280 (ìfiwéra ìmọ́lẹ̀ tí sáńpù fà mu ní nanomítà 260 àti 280) tó sún mọ́ 2.0 dára, ṣùgbọ́n 260/230 ló ń tú àṣírí. Tí ìyẹn bá wà lábẹ́ 1.5, ó ṣeé ṣe kí guanidine tàbí phenol, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń yọ RNA, ṣẹ́kù nínú rẹ̀, wọ́n á sì dí enzyme lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ RNA di cDNA (DNA tí wọ́n fi RNA ṣe). Tó bá jẹ́ kọ́lọ́ọ̀mù (túùbù alásẹ́ tó ń di RNA mú) lẹ lò, ẹ fi omi ìfọ̀ tó ní ethanol fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ yí i nínú ẹ̀rọ lófìfo fún ìṣẹ́jú 2 kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi omi tí kò ní RNase (enzyme tó ń ba RNA jẹ́) fa RNA jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, DNase (enzyme tó ń jẹ DNA run), kí DNA má bàa kù níbẹ̀.

Púráímà, ègé DNA kékeré tó ń tọ́ka sí jíìnì tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀n, máa ń dé ní gbígbẹ. Ẹ yí túùbù rẹ̀ nínú ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó ṣí i, torí ó lè ti lẹ̀ mọ́ ìdérí, ẹ ṣí i báyìí, ó ti fò lọ. Iye nmol tí wọ́n kọ sára túùbù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10, iye µL TE (omi tí wọ́n fi ń tọ́jú DNA) tẹ́ ẹ máa dà sí i nìyẹn láti ní 100 µM: nmol 24.6 ń gba 246 µL. Ẹ fomi là á dé 10 µM, ẹ pín in sínú túùbù kéékèèké, kẹ́ ẹ má máa yọ́ odindi rẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí sáńpù gan-an tó wọ ẹ̀rọ, ẹ fi cDNA tẹ́ ẹ dà pọ̀ ṣe ìfomilà 5, kí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá mẹ́wàá èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ ya iye ìyípo tí ìkọ̀ọ̀kan fi jáde lòdì sí log ìwọ̀n rẹ̀; ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà tó máa jáde gbọ́dọ̀ wà láàárín −3.1 àti −3.6; −3.32 ni 100% gẹ́lẹ́, ìyẹn ni pé DNA ń di ìlọ́po 2 ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ −2.8, púráímà yín kò lágbára ju ti ẹlòmíràn lọ o. Ohun tó ń dí enzyme lọ́wọ́ ló wà nínú sáńpù tó ki jù, tàbí kí ọwọ́ ti ṣìnà nínú ìfomilà.

Lórí àwo kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kòtò tí kò ní cDNA rárá àti èyí tí RNA rẹ̀ kò rí reverse transcriptase (enzyme tó ń sọ RNA di cDNA). Tí ìkejì yìí bá jáde ní ìyípo 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn sáńpù gidi, DNA tó kù kò tó 1% nínú ohun tẹ́ ẹ ń rí, ẹ lè máa lọ. Tó bá jẹ́ ìyípo 3, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni, ẹ padà sídìí DNase. Ìyípo 1 ni ìlọ́po 2, nítorí náà kòtò mẹ́ta sáńpù kan tó fi ju 0.5 yàtọ̀ síra ń fẹ́ àyẹ̀wò. Ohun tó sábà ń fà á ni kéèyàn máa fa 0.5 µL. Pípẹ́ẹ̀tì kankan kò fẹ́ràn ìwọ̀n yẹn. Ẹ fomi la cDNA, kẹ́ ẹ lè máa fi 4 µL sínú 20 µL. Tó bá jẹ́ kòtò 30, ẹ po àdàlù 33.

Jíìnì ìfiwéra (èyí tí kò yẹ kó yí padà, tẹ́ ẹ fi ń díwọ̀n jíìnì yín), ó kéré tán méjì, kẹ́ ẹ sì fi hàn pé oògùn yín kò yí wọn padà. Jíìnì GAPDH tí gbogbo èèyàn ń sá lọ bá ń gòkè nígbà tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá dín kù. Àtòjọ MIQE ti 2009, ìlànà fún ìròyìn qPCR, ń sọ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Àdùkẹ́_Bíó
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an, kí Olúwa má jẹ́ kó rẹ̀ yín. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní láàbù náà ní èyí tí mo máa lò nínú fíríísà.

Olùṣọ́_Sẹ́ẹ̀lì
"Ó wà nínú fíríísà" kò tíì tó. Èwo ni, ta ló gbé e wá, ìgbà mélòó ni wọ́n ti pín in gbìn? Ẹ ní kí wọ́n ṣe STR (àyẹ̀wò DNA tó ń fi irú sẹ́ẹ̀lì hàn) fún un kí ó lè dájú pé òun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. HeLa, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ń yára dàgbà, ti wọ inú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè lórúkọ mìíràn.

Lẹ́yìn náà, mycoplasma, bakitéríà bíńtín tó máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì láàbù. Kò ní ògiri sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà penicillin tẹ́ ẹ ń dà sí i kò rí i gbé ṣe. Ó kéré débi pé ó ń kọjá nínú asẹ́ 0.22 µm. Oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì kì í dà rú, máíkírósíkóòpù lásán kò lè fi hàn, sẹ́ẹ̀lì á kàn máa dàgbà bíi pé kò sí nǹkan kan, jíìnì rẹ̀ á sì ti yí padà. Ẹ̀yin á máa kọ̀wé pé oògùn ló ṣe é. Ẹ fi PCR yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá yọ́ ọ, nígbà tó ṣì dá wà lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ máa tún un yẹ̀ wò lóṣooṣù. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ dà á nù. Oògùn tó ń lé e lọ wà, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tí kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn nìkan ni wàhálà yẹn yẹ fún.

Ní kété tí ó bá ti mọ́, kí àyẹ̀wò kankan tó bẹ̀rẹ̀, ẹ di ó kéré tán túùbù 10 pa mọ́: DMSO (olómi tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì nínú òtútù) 10%, kó máa tutù ní 1°C ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí dé −80°C, lẹ́yìn náà kó wọ náítírójìn olómi. −80 kì í ṣe ilé wọn, wọ́n ń kú díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Yíyọ́ ní tiẹ̀ ń fẹ́ kíákíá: omi 37°C, kẹ́ ẹ mú un jáde nígbà tó bá ku yìnyín bíńtín. Ẹ pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé láàárín ìgbìn báyìí sí báyìí lẹ máa ṣiṣẹ́, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ yọ́ òmíràn.

Ohun méjì kékeré tó ń ba iṣẹ́ oògùn jẹ́. Tó bá jẹ́ DMSO ni oògùn yín wà nínú rẹ̀, kọ́ńtíróòlù gbọ́dọ̀ gba DMSO iye kan náà, kó má sì ju 0.1% lọ tó bá ṣeé ṣe. Nínú àwo oníkòtò 96, kòtò 36 tó wà létí ń tètè gbẹ, ẹ da omi sínú wọn kẹ́ ẹ lo 60 tó wà láàárín.

Dátà_Lọba
Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ Excel. SEPT2 tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀ á di 2-Sep, MARCH1 á di 1-Mar, kò sì ní sọ fún yín. Ọ̀rọ̀ yìí le débi pé ní 2020 wọ́n yí orúkọ àwọn jíìnì náà padà sí SEPTIN2 àti MARCHF1, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ ṣì kún inú fáìlì tẹ́ ẹ máa gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ sọ òpó (column) náà di ọ̀rọ̀ lásán (Text) kẹ́ ẹ tó gbé orúkọ jíìnì wọ inú rẹ̀.

Fáìlì tó jáde látinú ẹ̀rọ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àdàkọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa tò. Orúkọ rẹ̀: 2025-03-14_qPCR_awo03, kì í ṣe "final_final_tuntun". Kí àdàkọ 3 wà, kí ọ̀kan nínú wọn má sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Nínú ìwé láàbù, ẹ kọ nọ́ńbà lot (nọ́ńbà ìpele tí ilé iṣẹ́ ti ṣe é) ti antibody àti ti ohun èlò kọ̀ọ̀kan, torí tí èsì bá ṣàdédé yí padà ní oṣù keje, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Ẹ kọ orúkọ sára túùbù, kì í ṣe sórí ìdérí nìkan. Ìdérí ń pààrọ̀ ara wọn.

Baba_Máíkírò
Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ tísíìsì láti oṣù kìíní, orí ìṣáájú ní pàtàkì.

Ìyá_Láàbù
Baba, ẹ forí jì mí, mi ò gbà fún yín níbẹ̀. Ẹni tó kọ ojú ewé 40 orí ìṣáájú lóṣù kìíní máa ń ju 30 nù, torí ìbéèrè á ti yí díẹ̀ nígbà tí dátà bá dé. Ọ̀nà iṣẹ́ ni kó máa kọ, lọ́jọ́ tó ṣe é, nígbà tó ṣì rántí iye ìyípo àti ìwọ̀n òtútù. Tí dátà bá dé, kó ya àwòrán rẹ̀ kó tó kọ gbólóhùn kan. Àwòrán 5 sí 6 tó tò léra ni orí èsì. Ìṣáájú gbẹ̀yìn.

Baba_Máíkírò
Ó dáa, ẹ borí mi lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kó máa kọ gbólóhùn méjì sábẹ́ àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan tó bá kà: ohun tí wọ́n rí, àti ibi tí ẹ̀rí wọn ti mẹ́hẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lóṣù 15 á tún máa ka ìwé 100 láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àdùkẹ́_Bíó
Ìbéèrè kan ló kù. Tí oògùn náà kò bá ṣe nǹkan kan sí jíìnì náà ńkọ́? Ṣé tísíìsì lè yege?

Onísìírò
Ó lè yege, tẹ́ ẹ bá lè fi hàn pé àyẹ̀wò yín ì bá rí i ká ní ó wà. Ìyẹn túmọ̀ sí kọ́ńtíróòlù kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó ń yí jíìnì náà padà, tó sì yí i padà lọ́wọ́ yín nínú àwo kan náà. Ẹ tún kọ confidence interval (ààlà tí iye gidi lè wà láàárín rẹ̀) sílẹ̀, ẹ má kọ "p > 0.05" nìkan. Tó bá jẹ́ ìlọ́po 0.9 sí 1.1 ti àwọn tí kò gba oògùn, ẹ ti sọ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ 0.3 sí 3, ẹ kò tíì sọ nǹkan kan, sáńpù ló kéré.

Ìyá_Láàbù
Fi owó kọ́ńtíróòlù yẹn sínú àbá rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn kì í rántí rẹ̀ títí owó á fi tán. Bó bá sì ku oṣù kan kó o lọ, to àpótí rẹ nínú fíríísà: àpótí wo, ìlà wo, kí ló wà nínú túùbù kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó o dì í. Fi àtòjọ náà ránṣẹ́ sí alábòójútó, kó o sì tẹ ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn fíríísà náà. Tí olùyẹ̀wò bá ní kó o tún àyẹ̀wò kan ṣe lẹ́yìn ìdáhùn ìbéèrè, ẹlòmíràn ló máa bá ọ wá túùbù yẹn.